Aṣọ Àrán Ojú-Mi

Ojú ọmọ náà ni ìyá àgbà fi ń ríran. Kì í ṣe àsọdùn. Láti ìgbà tí ojú tirẹ̀ ti di ojú àgbà, tí ihò abẹ́rẹ́ ti di nǹkan tí ó kàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ti òwú bọ̀ ọ́. Bí òwú bá tán, ìyá àgbà, tí í ṣe aránṣọ, á na abẹ́rẹ́ sókè láì wẹ̀yìn, á ní, "Ojú mi dà?" Ọmọ náà á sáré dé, á fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú ṣómúṣómú, á di èémí mú, òwú á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń lọ sí yàrá ara rẹ̀. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ojú-Mi ni wọ́n ń pè é nílé, Ojú-Mi ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ síléèwé pàápàá ò mọ orúkọ mìíràn.

Ká ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kó má bàa bá ẹnikẹ́ni lójijì: ojú ọ̀tún ọmọ náà ni ìtàn yìí gbé lọ. Ọ̀dọ̀ ológbò ni nǹkan ọ̀hún ti wá. Ṣùgbọ́n ológbò ò dá a ṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó bá a gbé e.

Iṣẹ́ àrán ni aránṣọ yìí mọ̀ ju gbogbo iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ló ń sá fún àrán, nítorí aṣọ onírun ni, irun rẹ̀ sì ní ibi tó dojú kọ. Bí ènìyàn bá gé apá kan kó dojú kọ òkè, tó gé apá kejì kó dojú kọ ilẹ̀, tó wá rán wọn pọ̀, apá kan á máa dán, apá kejì á ṣú dùdù, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni. Aránṣọ náà ò nílò ojú fún ìyẹn. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Á fi ọwọ́ pa á lọ, á fi ọwọ́ pa á bọ̀, á máa kọrin.

Orin náà, ti ológbò ni. Ológbò ọ̀hún wọlé lọ́jọ́ òjò kan, ọmọ kékeré tó rí wínníwínní, ó jókòó sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, kò sì lọ mọ́. Oníbàárà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé ó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò gbé aṣọ wá, kò sanwó, ó sì ń wo ènìyàn bíi pé iṣẹ́ òun ti pẹ́ jù. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó àgékù àrán sí ló ń sùn. Aránṣọ á máa wa ẹ̀rọ rẹ̀, á máa dá orin, Ojú-Mi á máa gbè é:

*Oníbàárà mi, káàbọ̀ o,*
*o ò gbáṣọ wá, o ò sanwó;*
*ẹsẹ̀ rẹ ò dún bí o bá wọlé,*
*orí àrán lo máa ń sùn,*
*orí àrán bí ọmọ ọba.*

Bó bá ti kan "àrán," ohùn á gòkè, á fà síbẹ̀, á mì tìtì. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú orin náà. Ojú-Mi máa ń pa ojú dé bó bá débẹ̀.

Lẹ́yìn ilé, onílé kó iyanrìn jọ láti fi kọ́ yàrá kan. Kò kọ́ ọ. Iyanrìn di ti ọmọdé, ó sì di ti ológbò. Ojú-Mi á bu iyanrìn sínú agolo bọ́tìnnì, á dà á dé, á ní àkàrà òyìnbó ti jinná, á tọ́ ọ wò díẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ṣúgà tó. Oníbàárà náà á wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á fi ọwọ́ wa ilẹ̀ tìwàtìwà, á ṣe tirẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà á sì máa yìn ín láti ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ wò ó bó ṣe mọ́ tónítóní. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ."

Ó wá di pé ológbò náà ń rù, ikùn rẹ̀ sì ń yọ síta bí àpò tí wọ́n dì ní ìdìkudì. Irun rẹ̀ ò dán mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wọ́ jáde lábẹ́ tábìlì, ó bì. Aránṣọ tẹ̀ ba láti nù ún. Nǹkan funfun kan wà nínú èébì náà, ó gùn, ó ká jọ bí òwú tó já lára kẹ̀kẹ́. Ó jọ pé ó mira. Ìyá àgbà ní ojú òun ló ń mira. Ó fi àgékù aṣọ kó o, ó sọ fún ológbò pé, "Ìwọ tí o ò sanwó, o tún wá ń jẹ òwú mi."

Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ènìyàn dáadáa ni dókítà ẹran yìí. Ibi tó jìnnà ló ti wá, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń kọ́ ọ lédè wa, ó kọ́ ọ títí ọ̀rọ̀ fi pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọmọ iléèwé lọ. Ohùn ni kò tíì mọ̀. Ibi tó yẹ kó gòkè, á sọ̀. Ibi tó yẹ kó sọ̀, á gòkè. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá a gé e kúrú, ó fẹ́ béèrè ọkọ aránṣọ.

"Ìyá, ọkọ̀ yín ńkọ́?"

"Mi ò ní ọkọ̀, dókítà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn."

"Ṣé ó ti kú?"

"Ọkọ̀ kì í kú. Ojú ọ̀nà ló máa ń dákú sí."

Ojú dókítà fà ro. Ó ní, "Ó dákú sójú ọ̀nà? Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an."

Àwọn obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi jókòó lé orí píìnì. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọkùnrin náà ohun tí wọ́n ń rín. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà Ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àdúgbò á rẹ́rìn-ín, kálukú á sì lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ bó ṣe yẹ: aránṣọ. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti gbà ṣìnà.

Ó gbé Oníbàárà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ó fi awò rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Aránṣọ. Àrán wà nínú ikùn rẹ̀."

"Àrán?"

"Àrán. Ó pọ̀."

Aránṣọ rántí apẹ̀rẹ̀ àgékù. Ó mi orí. "Ó ti yé mi. Mo rí i nínú èébì rẹ̀."

"Ẹ rí i? Ó funfun, ó gùn?"

"Ó funfun, ó gùn. Mo ní òwú mi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bíi òwú." Inú dókítà dùn pé ó ti yé e. Ó ki hóró oògùn kan bọ ológbò lẹ́nu, ó pa ẹnu náà dé, ó fọwọ́ pa á lọ́rùn títí ó fi gbé e mì. Ó fún aránṣọ ní ẹyọ kan sí i. "Èyí, ọ̀sẹ̀ méjì. Kó lè jáde tán. Ṣé ọmọ kékeré wà nílé?"

"Ó wà. Ojú mi ni."

"Ẹ ṣọ́ra, Ìyá. Àrán yìí, á wọ ọmọ lára."

Inú ìyá àgbà yọ́ bí òrí. Ta ló sọ pé ọkùnrin yìí ò mojú aṣọ? Ó rí ọmọ náà lójú títì, ó rí àwọ̀ rẹ̀, ó mọ ohun tó máa yẹ ẹ́.

"Á wọ̀ ọ́ lára, àbí?"

"Á wọ̀ ọ́ lára gan-an. Ẹ má jẹ́ kó ṣeré ní iyanrìn. Kó fọ ọwọ́. Kó máa fọ ọwọ́."

"Háà, ṣé mo lè jẹ́ kó fi iyanrìn ba àrán jẹ́? Kò ní fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ̀yin gbọ́ mi. Àwọn mìíràn, tí mo bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín."

Ìyá àgbà délé, ó fi ìdérí dé apẹ̀rẹ̀ àgékù, ó sì gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù débi pé eṣinṣin á yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Hóró oògùn kejì, ó sọ ọ́ sínú agolo bọ́tìnnì. Nígbà tí ológbò ò tún rí àrán jẹ mọ́, kí ló tún kù tó fẹ́ jáde? Lóòótọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Oníbàárà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Ó wá mú àrán aláwọ̀ aró kan tó ti ń pa mọ́ tipẹ́, ó fi gé aṣọ fún Ojú-Mi. Kò yára lórí rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ojú irun rẹ̀, ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ kó lè máa dán bí ọmọ náà bá ń rìn. Ojú-Mi ló ti gbogbo òwú rẹ̀ bọ abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì bá ọmọ náà níwájú dígí tó ń yí bí òòyì.

"Màmá, àrán fún ọmọ tó ń jókòó sórí iyanrìn?"

"Dókítà ẹran ló ní kí n rán an."

"Dókítà ẹran?"

"Ó ní á wọ̀ ọ́ lára. O ò rí i? Ọkùnrin yẹn mọ nǹkan."

Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi já bọ́ sílẹ̀. "Dókítà Ọkọ̀ ti di Dókítà Aṣọ."

Bí Ojú-Mi bá wọ àrán náà, ìyá àgbà ò ní jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀yìn ilé. Á fọ ọwọ́, á tún un fọ̀, á jókòó bí ère. Bó bá wá bọ́ ọ, tó wọ aṣọ ilé, ó di iyanrìn. Ó di àkàrà òyìnbó nínú agolo. Ìyá àgbà á máa wò ó láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ á máa dùn, orin á máa lọ.

Oṣù gun orí oṣù. Ọmọ náà wúkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó lọ. Ibà mú un díẹ̀, ó lọ. Ọmọdé ni, wọ́n ní ó ń dàgbà.

Aṣọ ìyàwó kan ló tú u fó. Iṣẹ́ ń kánjú, ìyàwó fúnra rẹ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jókòó báyìí, ó ń fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀. Òwú tán. Aránṣọ na abẹ́rẹ́ sókè.

"Ojú mi dà?"

Ojú-Mi dé. Ó fi itọ́ pọ́n òwú. Ó tì í, òwú gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ó tún un tì, ó tún gba ẹ̀gbẹ́. Ó ń gún afẹ́fẹ́ láàárín òun àti abẹ́rẹ́.

"Ṣé ìwọ náà ti darúgbó?" ìyá àgbà wí. "Ká jọ máa wá ẹni tó máa ríran fún àwa méjèèjì."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi ìka wá abẹ́rẹ́, òwú sì wọlé. Ó yà á lẹ́nu. Eré ló kà á sí. Ó ṣí ojú ọ̀tún, ó wá fi ọwọ́ bo ti òsì.

"Ìyá àgbà, abẹ́rẹ́ ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Kò sí níbẹ̀ mọ́." Ó yí orí kiri, ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. "Ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀. Funfun nìkan ló wà, bí ìgbà tí èéfín omi gbígbóná bá kún yàrá ìwẹ̀."

Ẹ̀rọ dúró. Ìyá àgbà gbá ọmọ náà mú lágbọ̀n, ó gbé ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kò rí nǹkan. Ojú tirẹ̀ ò lè rí i. Ìyàwó ló dìde, ló tẹ̀ ba, tó wò ó. Kò gbo ẹsẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ọmọlójú ti ọ̀tún yìí kò dúdú. Ó funfun díẹ̀ láàárín. Ó sì ń wo ògiri, ti òsì ló ń wò mí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà àti ìyá ọmọ mú ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Ojú-Mi ní aṣọ àrán lòun máa wọ̀. Wọ́n jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Dókítà ojú jẹ́ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó kán nǹkan sí ọmọ náà lójú, ó pa iná yàrá, ó fi iná kékeré kan wo inú ojú òsì, ó kọjá sí ti ọ̀tún. Ó wò ó títí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n jókòó, wọ́n dúró, ọmọ náà sùn lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí dókítà tún pè wọ́n, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn.

"Ẹ ní ẹran ọ̀sìn nílé? Ajá? Ológbò?"

"Ológbò kan," ìyá ọmọ wí.

"Ṣé ọmọ yìí máa ń ṣeré nínú iyanrìn?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Ṣé wọ́n fún ológbò yẹn lóògùn aràn tán?"

Ó sọ ọ́ bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Ohùn náà sọ̀ kalẹ̀. Kò gòkè. Ìyá àgbà gbọ́ bó ṣe sọ̀, nǹkan kan sì bá a sọ̀ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tó ń retí pé kó dún nílẹ̀.

Dókítà ń ṣàlàyé. Ó ní aràn kan wà nínú ológbò, pàápàá ológbò kékeré, tí ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹyin náà ò ṣeé fojú rí. Bó bá pẹ́ nínú iyanrìn ni agbára rẹ̀ ń dé. Ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á fọwọ́ sẹ́nu. Ẹyin á pa nínú ikùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ṣe ara ológbò, aràn náà ò mọ ọ̀nà níbẹ̀, á kàn máa rìn kiri, nínú ẹ̀dọ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ìgbà, á kú síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

"Ti ọmọ yìí, ọ̀kan rìn dé ojú. Ó ti dá àpá sí ògiri ẹ̀yìn ojú, níbi tí ènìyàn fi ń rí nǹkan gan-an."

"Ẹ máa wò ó sàn," ìyá ọmọ wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"A máa fún un lóògùn tí wíwú inú rẹ̀ á fi rọlẹ̀, kó má bàa bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú òsì dáa. Ohun tó ti lọ nínú ti ọ̀tún, ó ti lọ nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ojú-Mi ń fi ìka yàwòrán sórí aṣọ àrán rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa irun rẹ̀ sókè kó ṣú, ó ń pa á sísàlẹ̀ kó dán.

Wọ́n dé ìta. Ìyá ọmọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. "Màmá. Ẹ gbé ológbò yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran nígbà yẹn. Kí ló sọ?"

"Ó fún un lóògùn."

"Kò sọ pé aràn ni?"

Ìyá àgbà wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́ ò jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó di ibẹ̀ mú bí ẹni di etí aṣọ mú kó má bàa tú.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà ẹran ni, ó wo ológbò, kò sọ ọ́?" Ìyá ọmọ ti ń lọ. "Òun náà á gbọ́ tèmi lónìí."

Ọ̀nà náà ò jìn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà rìn ín bí ẹni ń gun òkè. Bó bá sọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ rẹ̀ á mọ̀ pé ìyá òun gbọ́ ìkìlọ̀, ó fi rán aṣọ. Ta ló máa tún fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú irú ìyá bẹ́ẹ̀? Bó bá dákẹ́, àlejò tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, Ojú-Mi sì fà á lọ́wọ́ kó yára. Ó pa á dé.

Dókítà ẹran ń fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú báálì nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyá ọmọ, ẹ̀rín náà dúró.

"Ẹ wo ojú ọmọ mi," ìyá ọmọ wí. "Wọ́n ní ológbò ló kó o ràn án. Ẹ wo ológbò yẹn, ẹ ò sọ nǹkan kan fún ìyá mi. Ká ní ọmọ ìyàwó yín ni, ṣé ẹ ò ní sọ ọ́?"

Dókítà wo ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo ojú ọ̀tún, omi sì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Rárá," ó wí. "Rárá. Mo sọ. Mo sọ fún Ìyá Aránṣọ. Mo sọ pé, àrán wà nínú ikùn rẹ̀. Mo sọ pé, ẹ ṣọ́ra, àrán yìí á wọ ọmọ lára. Ìyá, ẹ sọ fún un. Mo sọ."

Ológbò kan ń ké nínú àgò lẹ́yìn.

"Ẹ tún un sọ," ìyá ọmọ wí.

"Àrán yìí, á wọ ọmọ lára."

Ìyá ọmọ yíjú, ó wo aṣọ tó wà lára ọmọ rẹ̀. Ó wò ó láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín tí kò ní ohùn nínú, ó sì wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ ká tó débí."

"Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni mo ti mọ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí n wá bá a jà."

"Ẹ̀rù rẹ bà mí," ìyá àgbà wí.

Ìyá ọmọ gbé Ojú-Mi sẹ́yìn, bó tilẹ̀ ti tóbi jù fún pípọ̀n, ó sì jáde.

Dókítà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá, kí ni mo sọ?"

Aránṣọ tú àpò rẹ̀. Kò sí ìgbà tí àgékù kì í sí níbẹ̀. Ó mú pélébé àrán aláwọ̀ aró kan jáde, ó fi lé e lọ́wọ́ tútù.

"Èyí lẹ sọ."

Ọkùnrin náà wo aṣọ náà. Ó pẹ́ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ dá a padà.

"Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?"

"Ó dùn létí wa ni," ìyá àgbà wí. "Ọjọ́ tí ẹ ní ọkọ̀ mi ńkọ́, ó yẹ kí n tún un ṣe fún yín. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín." Ó jókòó tì í, eegun orúnkún rẹ̀ dún. "Ó yá. Aṣọ nìyẹn: àrán. Ó gòkè. Èyí tó wà nínú ikùn: aràn. Ó ń sọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣubú."

"Àrán."

"Ẹ jẹ́ kó ṣubú."

"Arán."

"Ẹ ò tíì jẹ́ kó ṣubú. Ilé ta lẹ tún ń lọ lónìí?"

Ó dárúkọ iṣẹ́ ẹni náà, bírìkìlà ni, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

"Ẹ ò tíì ní lọ," aránṣọ wí. "Ẹ tún un sọ."

Ọ̀rọ̀ náà ṣubú nígbà tó yá. Wọn ò yọ̀.

Ìyá ọmọ àti dókítà ẹran ló fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn ẹ̀yìn ilé kúrò. Dókítà ní bí ológbò bá ń lo oògùn lásìkò, tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, kò sí ewu, kò yẹ kí wọ́n pa á. Ìyá ọmọ ní òun ò pa á, kó máa gbé e lọ. Oníbàárà bá a lọ nínú apẹ̀rẹ̀. Ó kó ìdí rẹ̀ sí wọn, kò wẹ̀yìn. Wọ́n gbé ibùsùn Ojú-Mi kúrò ní yàrá ìyá àgbà. Ọmọ náà kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìyá rẹ̀ ò sọ pé kó má wá. Bó bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, á kàn mú un lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Aránṣọ ń bẹ àwọn tó ń kọjá kí wọ́n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ẹlòmíràn ń gbọ̀n, ẹlòmíràn ń kánjú. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sórin.

Oògùn tán, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà ojú. Àpá náà dúró síbi tó wà. Kò tóbi sí i, kò sì lọ. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyá ọmọ mú Ojú-Mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọṣẹ àti abọ́ omi sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fọ ọwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Màmá, ó ní òun fẹ́ wá." Ó jókòó sórí àga tí ìyàwó ọjọ́sí jókòó sí, kò bọ́ gèlè, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ojú-Mi mú abẹ́rẹ́. Òwú gba ẹ̀gbẹ́. Ó tún gba ẹ̀gbẹ́. Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kó má bàa ràn án lọ́wọ́. Ọmọ náà gbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó fi ahọ́n wá ihò rẹ̀, ó mú un jáde, ó fi èékánná di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó fi òwú wọ́ èékánná lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ọ̀nà. Ó pẹ́ gan-an. Ó na abẹ́rẹ́ náà sí ìyá àgbà, ó nà án díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

"Ẹ kọ orin Oníbàárà."

Ìyá àgbà wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó. Ọmọ rẹ̀ ń wo ojú títì. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó dá orin náà. Ó kí Oníbàárà káàbọ̀, ó ní kò gbáṣọ wá, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dún. Ó débi àrán. Ọmọ náà ti pa ojú dé, ó ń dúró de ohùn náà kó gòkè.

Kò gòkè. Ó ṣubú.

"Ìyá àgbà," Ojú-Mi wí, "ẹ ti ṣì í kọ."